Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Wò ní Wákàtí Àkọ́kọ́ Nínú Géèmù Ayé Àròsọ

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, báyìí ni àwọn àgbà wí. Bí géèmù tuntun bá jáde, ìrísí náà la fi ń sọ ọ́ lọ́jọ̀: àwòrán rẹ̀ ń dán, orin rẹ̀ dùn létí, èrò ya bò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a sì ti gbà pé ó dára. Ṣùgbọ́n oríṣi géèmù kan wà tí ojú kì í tètè rí òótọ́ rẹ̀. Òun ni èyí tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti ń pàdé nínú ayé àròsọ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí oníkálukú gbé àwọ̀ jagunjagun, oṣó, apẹja tàbí alágbẹ̀dẹ wọ̀, tí ayé náà ò sì ní dúró nígbà tí ẹ bá pa fóònù yín tí ẹ lọ sùn.

Ẹ wo méjì nínú wọn. Lọ́dún 2010, ilé iṣẹ́ Square Enix ti ilẹ̀ Japan gbé Final Fantasy XIV jáde. Àwòrán rẹ̀ rẹwà, àmọ́ ó ń falẹ̀, ó sì ṣòro lò, àwọn tó ti ń retí rẹ̀ sì kọ̀ ọ́ débi pé ilé iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé Naoki Yoshida lọ́wọ́, wọ́n ti ayé àkọ́kọ́ pa lọ́dún 2012, wọ́n sì tún òmíràn kọ́. Oṣù kẹjọ ọdún 2013 ni tuntun jáde pẹ̀lú orúkọ A Realm Reborn, ó sì di ọ̀kan lára àwọn tí èrò pọ̀ sí jù nínú irú wọn. Amazon ní tiwọn gbé New World jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí Steam, ìsọ̀ géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, lé ní 900,000, èrò sì ń tò kí wọ́n tó ráyè wọlé. Kò ju oṣù mélòó kan lọ tí ọ̀pọ̀ jù lọ wọn fi lọ. Èyí tí wọ́n kọ̀ wá di àyànfẹ́, èyí tí wọ́n ya bò wá ṣófo.

Kí ló wá yẹ kí èèyàn wò? Ohun márùn-ún ni mo rò pé ó ṣe kókó, gbogbo wọn ló sì máa ń fara hàn ní wákàtí àkọ́kọ́ fún ẹni tó bá mọ ibi tó yẹ kó wò: ibi tí ayé náà ń gbé, bó ṣe ń ka àkókò, bó ṣe ń díwọ̀n làálàá yín, bí owó ṣe ń rìn nínú rẹ̀, àti bóyá ẹnu àwọn tó ń ṣe é ń tó ọ̀rọ̀. Old School RuneScape ni mo máa fi ṣàlàyé. Kì í ṣe tuntun, àwòrán rẹ̀ ò sì jọ èèyàn lójú, ṣùgbọ́n gbogbo ìṣesí rẹ̀ ló wà ní gbangba, ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù, èèyàn ò sì ní san kọ́bọ̀ kó tó wọlé.

Ibi tó ti wá

Andrew Gower ló bẹ̀rẹ̀ RuneScape pẹ̀lú Paul àbúrò rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣí i fún gbogbo ayé ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 2001. Ilé iṣẹ́ tó ni í, Jagex, wà ní ìlú Cambridge. Nígbà náà, èèyàn ò nílò láti ra CD tàbí kọ̀ǹpútà olówó ńlá. Ẹni tó bá ti lè ṣí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, ó ti lè wọlé. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọmọ ilé ìwé pọ̀ níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, Jagex yí ọ̀nà ìjà inú géèmù náà padà pátápátá. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n sì kó jáde. Ilé iṣẹ́ náà bá gbé ìbò kalẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2013: ṣé kí àwọn dá ayé àtijọ́ padà? Àwọn èèyàn ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀dà kan ṣì wà nípamọ́ láti oṣù kẹjọ ọdún 2007, òun ni wọ́n gbé jáde tí wọ́n pè ní Old School. Láti ìgbà náà ló ti ń dàgbà lọ́nà tirẹ̀, ó sì dé orí fóònù ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 2018.

Erékùṣù tí wọ́n ti ń kọ́ni

Gielinor ni orúkọ ayé náà. Bí ẹ bá ti yan orúkọ, irun àti aṣọ, ẹ ó bá ara yín lórí erékùṣù kékeré kan tí ẹ kò lè kúrò níbẹ̀ àyàfi tí ẹ bá kọ́ iṣẹ́. Olùkọ́ kan á fún yín ní àwọ̀n kí ẹ fi pa edé. Ẹ ó gé igi, ẹ ó dá iná, ẹ ó se edé náà. Kúúkù kan á kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń po ìyẹ̀fun ṣe búrẹ́dì. Nínú ihò abẹ́ ilẹ̀, ẹ ó wa bàbà àti tánganran, ẹ ó yọ́ méjèèjì pọ̀ kó di idẹ, ẹ ó sì fi idẹ náà rọ ọ̀bẹ ìjà kékeré. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á ní kí ẹ pa eku, kí ẹ ṣí báǹkì wò, kí ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà, kí ẹ sì fi àfọ̀ṣẹ kékeré kan pa adìẹ.

Ó lè dà bí eré ọmọdé, àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó. Wọn ò fún yín ní idà ńlá kan kí wọ́n wá sọ pé ẹ̀yin ni akọni tí ayé ń dúró dè. Ohun tí wọ́n fi hàn yín ni pé ohun gbogbo níbẹ̀, ọwọ́ ẹnì kan ló ti wá: oúnjẹ ti ọwọ́ apẹja dé ọwọ́ alásè, irin ti ọwọ́ awakùsà dé ọwọ́ alágbẹ̀dẹ. Ẹni tó bá kúrò lórí erékùṣù náà ti mọ̀ pé jagunjagun ò lè dá wà láìsí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Gbogbo ọjà inú géèmù náà dúró lórí ẹ̀kọ́ yìí.

Ta ló ń pinnu bóyá igi wó?

Àwòrán igi, odò àti ààfin tí ẹ ń wò wà nínú fóònù yín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ayé náà fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó wà nínú kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n ń pè ní sáfà. Níbẹ̀ ni àkọsílẹ̀ gbogbo nǹkan wà: ibi tí ẹ dúró sí, ohun tó wà nínú àpò yín, iye owó yín, ipele iṣẹ́ yín.

Ká ní ẹ fẹ́ gé igi. Ẹ tẹ igi náà lójú fóònù. Fóònù yín ò gé nǹkan kan, ó kàn ránṣẹ́ sí sáfà pé, “Lágbájá tẹ igi báyìí báyìí.” Sáfà ló máa yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé àáké wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣé iṣẹ́ rẹ̀ ti tó igi yìí gé? Ṣé ó ti sún mọ́ ọn? Bí kò bá tíì sún mọ́ ọn, sáfà á wá ọ̀nà tó máa gbà débẹ̀, á sì mú un rìn. Bó bá débẹ̀, sáfà á ṣẹ́ kèké láti mọ̀ bóyá igi já tàbí kò já. Bó bá já, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ránṣẹ́ padà sí fóònù yín pé kó gbé igi kan sínú àpò.

Ìdí méjì ló fi yẹ kí ẹ mọ èyí. Èkíní, ìdí nìyẹn tí kò fi rọrùn láti fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ sọ ara ẹni di olówó níbẹ̀. Ẹni tó bá yí nǹkan inú fóònù rẹ̀ padà kàn tan ojú ara rẹ̀ jẹ ni. Àkọsílẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ sáfà ò yí padà. Èkejì, ohun tí ẹ ń kó jọ níbẹ̀ kò sí lọ́wọ́ yín. Ilé iṣẹ́ tó ni sáfà ló ni í, ọjọ́ tí wọ́n bá sì pa á, ó parí. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọdún púpọ̀ sínú ayé kan, ó yẹ kó béèrè ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ àti irú ọwọ́ tí ẹni náà ti fi mú un látẹ̀yìn wá.

Ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá

Ohun tó máa ń ya ẹni tuntun lẹ́nu jù ni bí nǹkan ṣe ń rìn níbẹ̀. Ẹ tẹ ilẹ̀, ara yín dúró díẹ̀ kó tó gbéra. Ẹ kọlu goblin, iwin kékeré kan, ẹ̀yin méjèèjì ń na ara yín pẹ̀lú àlàfo láàárín. Ọ̀pọ̀ rò pé nẹ́tíwọ̀kì ló ń fà á. Kì í ṣe òun.

Sáfà Old School RuneScape kì í ṣiṣẹ́ láìdúró. Ó máa ń kó gbogbo ohun tí àwọn èèyàn bá tẹ̀ jọ, á wá ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní gbogbo 0.6 ìṣẹ́jú-àáyá. Tíìkì ni àwọn òṣèré ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. 100 tíìkì ló wà nínú ìṣẹ́jú kan. Bí agogo ṣe ń dún nínú ìlù, tí gbogbo oníjó ń gbé ẹsẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni gbogbo ẹni tó wà nínú ayé náà ń gbé ẹsẹ̀ lé tíìkì kan náà. Ilẹ̀ tí wọ́n ń rìn lé pín sí ojú kéékèèké onígun mẹ́rin. Ẹni tó ń rìn ń gba ojú kan ní tíìkì kan. Ẹni tó ń sáré ń gba méjì. Idà scimitar tó tẹ̀ kọ̀rọ̀dọ̀ ń bu èèyàn ní gbogbo tíìkì mẹ́rin, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 2.4, idà ńlá tí wọ́n ń fi ọwọ́ méjì mú ń gba tíìkì méje. Idà ńlá á dun èèyàn ju scimitar lọ bó bá bà á, ṣùgbọ́n scimitar á ti padà wá kó tó tún gbéra.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ tíìkì bá yé èèyàn, géèmù náà á yí padà lójú rẹ̀. Ohun tó rò pé ó ń falẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó wá di ìlù tó lè gbọ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe gan-an mọ tíìkì tí ẹran abàmì ńlá tí wọ́n ń bá jà máa ju iná, wọ́n á ti kúrò ní ojú yẹn kó tó bọ́ sílẹ̀. Ìmọ̀ ni wọ́n fi ń borí. Bí ìka ṣe yá tó kò ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. World of Warcraft, tó jáde lọ́dún 2004, yára ju èyí lọ, àwọn géèmù ìsinsìnyí tó sì jẹ́ pé èèyàn fúnra rẹ̀ ló máa fò yẹ idà tún yára jù ú. Ìyára yẹn dùn lọ́wọ́, àmọ́ ó ní ohun tó ń béèrè, pàápàá lọ́wọ́ àwa tó wà ní Nàìjíríà.

Láti Èkó dé sáfà

Ayé Gielinor kò jẹ́ ẹyọ kan. Ẹ̀dà rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kò sì gba ju 2,000 ènìyàn lọ. Àwọn sáfà tó gbé wọn dúró wà ní orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà, Jámánì àti Ọsirélíà sì wà lára wọn. Bí ẹ bá fẹ́ wọlé, ẹ ó rí àsíá orílẹ̀-èdè lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun ìní yín á tẹ̀ lé yín lọ sí èyíkéyìí tí ẹ bá yàn.

Ẹni tó wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Jámánì ni kó mú. Okùn abẹ́ òkun ló ń gbé ọ̀rọ̀ wa dé Yúróòpù: MainOne so Èkó mọ́ ilẹ̀ Potogí láti ọdún 2010, Glo-1 sì so ó mọ́ Bude ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bó ti wù kí okùn náà dára tó, ọ̀nà jìn. Ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ lọ kó sì bọ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá lè lọ sí i, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí nẹ́tíwọ̀kì bá ń ṣe ségesège. Nínú géèmù tó yára, ìwọ̀nba yẹn ti tó kí idà wọlé kí ẹ tó rí i pé wọ́n gbé e sókè. Nínú èyí tó ń ka 0.6, ọ̀rọ̀ yín ṣì máa ń bá tíìkì tó ń bọ̀ níbẹ̀. Ọmọ Èkó àti ọmọ London lè jọ jà níbẹ̀ láìjẹ́ pé ọ̀kan ti jẹ gbèsè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Mo ka èyí sí ohun iyì gidi nínú géèmù yìí.

Kì í jẹ dátà bí fídíò náà, ìdí rẹ̀ ò sì le. Àwọn àwòrán ti wà nínú fóònù láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé e sí i. Ohun tó ń rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ju ọ̀rọ̀ kéékèèké lọ: ẹni báyìí wà ní ojú báyìí, ẹni báyìí gé igi. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ máa rìn láìdáwọ́dúró. Nígbà tí àwọn okùn abẹ́ òkun já ní etí Abidjan ní oṣù kẹta ọdún 2024, tí íntánẹ́ẹ̀tì dẹnu kọlẹ̀ ní Nàìjíríà àti àwọn aládùúgbò wa, kò sí irú géèmù yìí tó rọrùn láti ṣe.

Àkàrà òyìnbó ọjọ́ ìbí

Láti erékùṣù yẹn, ìlú Lumbridge ni wọ́n ń gbé gbogbo ẹni tuntun sí. Ààfin kan wà níbẹ̀, odò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn goblin ń rìn kiri lódìkejì afárá. Nínú ilé ìdáná ààfin, kúúkù kan ń ráhùn: ọjọ́ ìbí Duke Horacio, olórí ìlú, ti dé, kò sì tíì rí èròjà àkàrà òyìnbó rà. Ó ń fẹ́ ẹyin, mílíìkì àti ìyẹ̀fun.

Ọ̀pọ̀ géèmù á fi ọfà lé yín lórí kí ẹ máa tẹ̀ lé e lọ. Níbí, wọ́n fi yín sílẹ̀ kí ẹ fi ojú àti ọgbọ́n wá a. Ẹyin wà lọ́gbà adìẹ. Mílíìkì, ẹ ó mú garawa dé ọ̀dọ̀ màlúù, kì í sì í ṣe gbogbo màlúù ló ní i. Ìyẹ̀fun ló dùn jù nínú rẹ̀. Ẹ ó lọ sí oko àlìkámà, ẹ ó já a lọ́wọ́ ara yín. Ẹ ó gbé e gun ọlọ tí afẹ́fẹ́ ń yí, ẹ ó gun àkàbà dé òkè pátápátá, ẹ ó da àlìkámà sẹ́nu ọlọ, ẹ ó sì fa irin tó ń mú un ṣiṣẹ́. Kò sí ohun tó bọ́ sí yín lọ́wọ́ lókè níbẹ̀. Àfi kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni ìyẹ̀fun ti ń dúró dè yín, bẹ́ ò bá sì mú ìkòkò lọ́wọ́, ẹ ò ní lè bù ú.

Kò sí ìjà nínú iṣẹ́ yìí, kò sí owó ńlá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe é tán ti mọ ìlú náà: ó mọ ibi tí oko wà, ó mọ ibi tí ọlọ wà, ó mọ pé ohun èlò tí èèyàn bá gbàgbé sílé lè dá a padà. Nínú géèmù yòówù tí ẹ bá ń dán wò, ẹ wo iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n rán yín. Bó bá jẹ́ pé ọfà nìkan lẹ tẹ̀ lé, tí ẹ ò lè sọ ọ̀nà tí ẹ gbà débẹ̀, ayé yẹn ò tíì kọ́ yín ní nǹkan kan.

Bí wọ́n ṣe ń díwọ̀n làálàá

Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìpele, láti 1 dé 99. Ìṣe kọ̀ọ̀kan ní máàkì: igi lásán kan jẹ́ máàkì 25, edé kan tí ẹ pa jẹ́ 10. Iṣẹ́ tí kúúkù yẹn rán yín jẹ́ 300 fún iṣẹ́ oúnjẹ sísè. Láti kúrò ní ìpele 1 bọ́ sí 2, 83 ni ẹ nílò. Igi mẹ́rin ti gbé yín kọjá. Ìró orin á dún, iná á búyẹ̀ lórí yín, inú yín á dùn.

Ẹ wá wo iwájú. Kí èèyàn tó dé 99 nínú iṣẹ́ kan, máàkì 13,034,431 ló gbọ́dọ̀ kó jọ. Bó bá jẹ́ igi lásán ló fẹ́ máa gé, igi náà á lé ní 521,000. Lóòótọ́, bí ìpele bá ti ń ga, igi olówó gọbọi máa ń ṣí sílẹ̀. Igi yew tí wọ́n ń gé láti ìpele 60 jẹ́ 175. Síbẹ̀, ní nǹkan bí gbogbo ìpele méje, ohun tí wọ́n ń béèrè máa ń di ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá dé ìpele 92 lè máa rò pé òun ti fẹ́ dé. Ìdajì ọ̀nà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wà.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ́ irú géèmù yìí: ìbẹ̀rẹ̀ á yá, kí inú lè dùn, ìgbẹ̀yìn á gùn, kí èèyàn lè pẹ́ níbẹ̀. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀ bí nọ́ńbà bá wà ní gbangba, Old School RuneScape sì fi gbogbo rẹ̀ han ẹni tó bá wò. Ohun tí mo fẹ́ kí òbí àti ọ̀dọ́ mọ̀ ni pé adùn wákàtí àkọ́kọ́ kì í ṣe òṣùwọ̀n wákàtí ọgọ́rùn-ún. Ìgbésí ayé ni àkókò. Ẹni tó bá fẹ́ ná an síbi kan, kó mọ iye tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó jókòó.

Bí owó ṣe ń rìn

Bí ẹ bá pa goblin, owó wúrà díẹ̀ lè bọ́ sílẹ̀. Níbo ni owó náà ti wá? Kò ti ibì kankan wá. Sáfà ló dá a sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn bá ń pa ẹran abàmì lójoojúmọ́, owó á máa pọ̀ sí i lójoojúmọ́, ọjà á sì máa gbówó lórí. Nítorí náà, ayé àròsọ tí wọ́n bá kọ́ dáadáa gbọ́dọ̀ ní ihò tí owó ń gbà jáde. Ní ìlú Varrock, ọjà ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Grand Exchange. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ rà àti iye tí ẹ fẹ́ san, ẹlòmíràn ti kọ iye tó fẹ́ tà á, ọjà á sì pa àwọn méjèèjì pọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n fojú kan ara wọn. Láti ọdún 2021, owó orí díẹ̀ ń kúrò lórí ohun tí wọ́n bá tà níbẹ̀, apá kan nínú rẹ̀ sì ni wọ́n ń fi ra àwọn ohun èlò kan lọ́jà kí wọ́n lè pa wọ́n rẹ́.

Owó gidi ńkọ́? Iṣẹ́ 15 ló ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí kò sanwó, pẹ̀lú apá kan ilẹ̀ náà. Ẹni tó bá ń san owó oṣooṣù ló ní ìyókù, tó fi mọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi kún un lọ́dún 2025. Ọ̀nà kejì wà: èèyàn lè fi owó gidi ra ohun kan tí wọ́n ń pè ní bond, kó tà á lọ́jà fún òṣèré mìíràn, kí ẹni yẹn sì fi í gba ọjọ́ 14. Ẹni tó lówó tí kò ní àkókò ń san fún ẹni tó ní àkókò tí kò lówó, ilé iṣẹ́ sì rí tirẹ̀ gbà. Inú àwọn géèmù kan, agbára fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń tà: sanwó kí idà rẹ mú ju ti ẹnìkejì. Bí ẹ bá rí irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́, tó ń fò lójú yín pẹ̀lú “ẹ̀dínwó òní nìkan”, ẹ ti mọ ẹni tí wọ́n kọ́ ayé náà fún.

Owó inú àròsọ tún máa ń jáde sí ayé gidi. Nígbà tí owó bolívar ilẹ̀ Fẹnẹsúẹ́là ń dìdàkudà, láti bí ọdún 2017, ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ náà ń pa dírágónì aláwọ̀ ewé láàárọ̀ àti lálẹ́, wọ́n ń kó egungun àti awọ rẹ̀ tà, wọ́n sì ń ta owó wúrà náà fún àwọn ará òkè òkun kí wọ́n lè rí oúnjẹ jẹ. Òfin géèmù náà kò fàyè gbà á, ẹni tí wọ́n bá mú sì ń pàdánù gbogbo ohun tó kó jọ. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń pè é ní eré lásán, kó rántí pé oúnjẹ ẹbí kan ti wà lórí rẹ̀ rí.

Ewu tó wà níbẹ̀

Bí ẹ bá kú, ẹ ó jí ní Lumbridge pẹ̀lú ohun mẹ́ta tó níye lórí jù nínú ẹrù yín. Ìyókù á wà níbi sàréè yín fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ tètè sáré lọ kó o. Ìyẹn ò le. Èyí tó le ni aginjù ìhà àríwá tí wọ́n ń pè ní Wilderness. Bí ẹ bá ti fo kòtò tó pààlà rẹ̀, òṣèré mìíràn lè pa yín kó sì kó ẹrù yín lọ. Kì í ṣe ìwà ọ̀daràn níbẹ̀. Òfin ibẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń bẹ ẹni tuntun pé kó wá wo nǹkan kan nínú aginjù, ẹran ló ń wá.

Àwọn mìíràn ń dúró lọ́jà, wọ́n ń pariwo pé kí ẹ kó owó wá kí àwọn sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Wọ́n lè dá ẹgbẹ̀rún kan padà ní méjì kí ọkàn yín lè balẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá kó mílíọ̀nù wá ni wọ́n á pòórá. Nítorí irú wọn ni ojú ewé pàṣípààrọ̀ fi jẹ́ méjì: ẹ ó fọwọ́ sí èkíní, wọ́n á tún fi èkejì hàn yín pé, “Ohun tí ẹ fẹ́ gbé sílẹ̀ rèé, ohun tí ẹ fẹ́ gbà rèé.” Ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti ka èkejì yẹn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má sì fún ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ aṣínà wọn. Ẹ̀kọ́ tó máa wúlò fún wọn lórí ẹ̀rọ báǹkì gidi ni.

Ta ló ni ayé náà?

Ìlànà ìbò ọdún 2013 kò parí lọ́jọ́ náà. Títí di òní, bí Jagex bá fẹ́ fi ohun ńlá kan kún Old School, wọ́n máa ń gbé e síwájú àwọn òṣèré. 75 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbọ́dọ̀ gbà á tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti sọ ọ́ di 70. Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tí mo mẹ́nu bà, ìbò ló gbé e wọlé. Lórí erékùṣù àkọ́kọ́ yẹn gan-an, kí ẹ tó gbọ́n tó ẹni tó ń dá lọ sọ́jà, wọ́n ti fi àpótí ìbò hàn yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ báǹkì.

Ohun tí mo rí dìmú jù nípa géèmù yìí nìyẹn. Àwòrán á gbó, òmíràn tó dán jù ú á jáde lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun tó ń mú èèyàn padà wá lẹ́yìn ogún ọdún ni pé wọ́n kà á kún: wọ́n fi òṣùwọ̀n hàn án, wọ́n fi ọjà tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó sílẹ̀ fún un, wọ́n sì béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ kí wọ́n tó yí ilé padà.

Nítorí náà, bí géèmù tuntun irú èyí bá jáde lọ́la, ẹ jẹ́ kí àwòrán rẹ̀ dùn mọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ bi í ní ìbéèrè wọ̀nyí kí wákàtí kan tó pé. Níbo ni sáfà rẹ̀ wà, ṣé ọ̀rọ̀ wa máa dé ibẹ̀ lásìkò? Ṣé ìmọ̀ ni wọ́n fi ń borí níbẹ̀, àbí ìyára nẹ́tíwọ̀kì? Kí ni wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ iwájú, ṣé wọ́n sì fi nọ́ńbà rẹ̀ hàn mí? Kí ni owó gidi lè rà, ṣé ó lè ra ìṣẹ́gun? Àwọn òṣèré ńkọ́, ṣé ẹnu wọn ń tó ọ̀rọ̀? Èyí tó bá dáhùn wọn láìfi nǹkan pa mọ́ yẹ fún wákàtí kejì. Èyí tí kò bá lè dáhùn, ẹ pa á, kí ẹ lo dátà yín fún ohun mìíràn.